Obìnrin Ẹfọ̀n àti Ọdẹ: Ìfẹ́, Ìwádìí àti Ẹ̀san nínú Ìtàn Ọya

Obìnrin ẹfọ̀n ni orúkọ tí a fi ń pe abàmì obìnrin inú ìtàn ìbílẹ̀ Yorùbá tí ó lè bọ́ awọ ẹfọ̀n sílẹ̀ kí ó di ènìyàn, tí ó sì lè gbé e wọ̀ kí ó tún padà di ẹranko. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí àwọn olórìṣà ń sọ, Ọya ni obìnrin náà. Ẹni tí ó ṣọ́ ọ, tí ó tọpa rẹ̀, tí ó sì fẹ́ ẹ níyàwó ni ọdẹ kan. Àwọn kan ní Ògún ni, àwọn mìíràn ní Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni, ọ̀pọ̀ apàlọ́ kò sì fún un lórúkọ rárá. Ẹni tí ó bá ń wá ohun tí ó súnmọ́ ìtàn ìfẹ́ láàárín vampire tí ń gbẹ̀san àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ń tọpa rẹ̀, ibí yìí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ yà sí nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí fáwẹ̀lì kejì nínú ẹfọ̀n tí à ń wí yìí. Ẹni tí ó bá gbé àmì náà sórí fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ ti sọ ẹranko ńlá di kòkòrò tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lóru.

Bí ìtàn náà ti lọ

Ọdẹ kan gun orí igi lóru, ó ń ṣọ́ ẹran. Bí ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀, ó rí ẹfọ̀n kan tí ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gán. Kí ó tó ta ọfà rẹ̀, ẹfọ̀n náà bọ́ awọ, ó ká a, ó fi í pamọ́ sínú òkìtì náà, ó sì di arẹwà obìnrin tí ó gbé igbá ọjà karí. Ọdẹ kò yọjú. Ó dúró títí obìnrin náà fi lọ, ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé awọ náà lọ sílé, ó fi í sínú àká, lẹ́yìn náà ni ó gba ọ̀nà ọjà. Ó bá obìnrin náà nídìí àtẹ, ó ná ọjà rẹ̀, ó sì bá a sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Obìnrin náà kò gbà. Nígbà tí ọjà tú, ó padà sídìí òkìtì ọ̀gán, kò bá awọ rẹ̀ níbẹ̀. Ọdẹ náà ni ó bá. Ó mọ̀ pé ọwọ́ ọkùnrin yìí ni awọ òun wà, ọkùnrin náà sì mọ̀ pé ó mọ̀. Ó gbà láti fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n májẹ̀mú kan wà níbẹ̀: ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọdọ̀ gbọ́ pé ẹranko ni òun.

Wọ́n jọ gbé fún ọdún púpọ̀, obìnrin náà sì bímọ. Iye ọmọ kò dọ́gba nínú gbogbo ẹ̀dà ìtàn; mẹ́sàn-án ni àwọn tí ń túmọ̀ oyè Ìyánsàn-án sí ìyá ọmọ mẹ́sàn-án ń kà. Àwọn orogún rẹ̀ ń béèrè ibi tí ó ti wá, ọkọ kò dáhùn. Níkẹyìn wọ́n fún ọkọ ní ọtí mu, ó mu yó, àṣírí tú. Lọ́jọ́ tí ìjà bẹ́ sílẹ̀, tí ọkọ wà lóko, wọ́n fi orin pe obìnrin náà ní ẹranko, wọ́n sì sọ ibi tí awọ rẹ̀ wà. Ó wọ inú àká, ó gbé awọ náà wọ̀, ó fi ìwo kan àwọn orogún rẹ̀ pa, ó sì kọrí sí oko lọ bá ọkọ. Ọkọ bẹ̀ ẹ́. Nínú ẹ̀dà kan, àkàrà tí obìnrin náà fẹ́ràn ni ó fi bẹ̀ ẹ́. Ó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí, ó fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwo méjì, ó ní kí wọ́n máa lù wọ́n mọ́ra bí wàhálà bá dé, òun yóò gbọ́. Ó sì wọ igbó lọ.

Ọdẹ gẹ́gẹ́ bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Kí ọlọ́pàá tó dé ilẹ̀ wa, ọdẹ ni ó ń ṣọ́ ìlú lóru, òun ni ó ń ka ẹsẹ̀ nílẹ̀, òun ni a sì ń rán lọ wá ẹni tí ó sọnù. Iṣẹ́ yìí ni àwọn òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971), ń ṣọ́ni bí ọdẹ ti ń ṣọ́ ẹran, ó sì ń fara da ebi àti òru bí i tirẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà, ó sì tóbi. Lápàdé ń wá òtítọ́ kí ọ̀daràn lè jáde sí gbangba. Ọdẹ inú ìtàn Ọya rí òtítọ́, ó sì gbé e pamọ́ sínú àká. Kò fi ẹ̀rí náà han ọba, kò fi í han ìyàwó rẹ̀ àgbà. Ó sọ ẹ̀rí di okùn tí ó fi so obìnrin mọ́lẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Wọ́n á kọ pé owú orogún ni ó ba ilé náà jẹ́, wọ́n á sì ti ìdí ìtàn náà sílẹ̀ síbẹ̀. Owú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí orogún kankan tó la ẹnu, olè ti jà nídìí òkìtì ọ̀gán. Ìgbéyàwó náà kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́ obìnrin. Kò rí ọ̀nà ilé lọ ni ó fi gbà. Bóyá ìfẹ́ wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn náà, apàlọ́ kì í sọ. Ọmọ tí ó bí àti ìwo tí ó fi sílẹ̀ ni a fi ń méfò.

Fágúnwà fi ojú kejì ọ̀rọ̀ yìí hàn nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938). Ọdẹ ni bàbá Àkàrà-Ògùn, àjẹ́ sì ni ìyá rẹ̀. Bàbá náà yìnbọn lu àgbọ̀nrín, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé ìyàwó rẹ̀ ni ó bá, ìdajì ara rẹ̀ ènìyàn, ìdajì rẹ̀ àgbọ̀nrín. Níhìn-ín, ìwádìí ọdẹ pa aya. Nínú ìtàn Ọya, ìwádìí ọdẹ ni ó bí ìgbéyàwó, aya ni ó sì padà di apani.

Ọjà àti odò: Old Market ní Lọ́kọ́ja

Ìtàn yìí kò lè ṣẹlẹ̀ láìsí ọjà, ọjà tí ó sì yẹ ẹ́ ni èyí tí àjèjì lè wọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè ọmọ ta ni. A lè fi Old Market ní Lọ́kọ́ja, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìlú náà há sáàárín Òkè Patti àti omi, níbi tí odò Bẹ́núè ti pàdé odò tí Yorùbá ń pè ní Odò Ọya. Láti nǹkan bí ọdún 1860, tí William Balfour Baikie tẹ ibùdó òwò dó síbẹ̀, ni onírúurú ènìyàn ti ń rọ́ wá síbẹ̀: Tápà, Ígálà, Ẹ̀bìrà, Haúsá, Ọ̀wọ́rọ̀ àti àwọn Òkun yòókù, àti Yorùbá láti ìhà ìwọ̀-oòrùn. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, ibẹ̀ ni Lugard ti ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè fún Àríwá. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹni tí a kò mọ ilé bàbá rẹ̀ kì í ṣe ohun ìyanu nídìí àtẹ. A kò sọ pé ibẹ̀ ni Ọya ti tajà. Ohun tí à ń wí ni pé ẹni tí ó bá dúró nínú ọjà yẹn yóò rí i kíákíá ìdí tí apàlọ́ fi yan ọjà, tí kò yan àgbàlá ọba tàbí etí odò nìkan.

Yorùbá gbàgbọ́ pé kì í ṣe ènìyàn nìkan ní ń ná ọjà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó sì gba àárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wo ọjà yóò rí ohun tí ojú lásán kò rí. Ọjà ọ̀nà jíjìn náà ni a ti máa ń bá àkúdàáyà pàdé, ìyẹn ẹni tí ó ti kú nílé, tí ó lọ di ẹlòmíràn nílùú mìíràn, tí ó fẹ́yàwó tàbí lọ́kọ níbẹ̀, tí ó sì ń pòórá bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá dé. Amos Tútùọlá mú irú ọjà bẹ́ẹ̀ wọ The Palm-Wine Drinkard (1952): ọmọge kan tẹ̀lé arẹwà ọkùnrin kúrò lọ́jà, ọkùnrin náà ń dá ẹ̀yà ara tí ó yá padà fún àwọn olówó wọn lójú ọ̀nà, títí ó fi ku agbárí lásán. Akọni ìtàn náà ni bàbá ọmọge bẹ̀ kí ó lọ wá a. Ó tọpa arẹwà náà láti inú ọjà, ó gba ọmọge sílẹ̀, ó sì fẹ́ ẹ. Òun náà jẹ́ olùwádìí tí ìwádìí fún ní aya, ṣùgbọ́n ó gbà á kúrò nínú ìdè ni, kò dè é.

Ní ti odò, ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé lẹ́yìn ikú Ṣàngó ni Ọya lọ sí Ìrá, ní Ìpínlẹ̀ Kwara òde òní, tí ó sì wọlẹ̀ níbẹ̀. Odò tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ń ṣàn gba Jẹ́bà kọjá kí ó tó dé Lọ́kọ́ja. Lọ́dún 2012 àti 2022, omi rẹ̀ kún bo apá púpọ̀ nínú ìlú náà. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ojú ọjọ́ ní àlàyé tirẹ̀ fún èyí, ó sì tọ̀nà. Olórìṣà tí ó gbọ́ ìròyìn náà kò ní ṣàìrántí ìwà ẹni tí ó ni odò.

Ẹ̀san àti ìwo

Ọdún 1897 ni Bram Stoker tẹ Dracula jáde. Àwọn ìtàn irú rẹ̀ tí ó tẹ̀lé e sọ vampire di olólùfẹ́, síbẹ̀ òùngbẹ ẹ̀jẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀: bí ó tilẹ̀ fẹ́ràn ẹni, ó ṣì ní láti mu ẹ̀jẹ̀ kí ó tó wà láàyè. Àjẹ́ ni Yorùbá gbà pé ó ń mu ẹ̀jẹ̀, a kì í sì í sábà fi í ṣe olólùfẹ́ nínú ìtàn. Ọya kò mu ẹ̀jẹ̀. Ó pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ìpànìyàn rẹ̀ ní ààlà: àwọn tí ó fi àṣírí rẹ̀ kọrin ni ó pa, nítorí májẹ̀mú tí ó já. Ìbéèrè tí ó kù ni ìdí tí ọkọ fi yè, nígbà tí òun gan-an ni ó jí awọ, tí ó sì tún la ẹnu. Àwọn kan ní ẹ̀bẹ̀ ni, àwọn kan ní ìfẹ́ ni. Èrò tiwa ni pé ọmọ ni. Ẹni tí yóò tọ́jú àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ wà láàyè, ẹni tí yóò sì kọ́ wọn bí a ti ń lu ìwo gbọ́dọ̀ ti rí ẹfọ̀n náà lójúkojú.

Ìtàn Ọ̀rọ̀nsẹ̀n ní Ọ̀wọ̀ jọ èyí, àmọ́ kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Abàmì obìnrin ni òun náà, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ̀n. Èèwọ̀ mẹ́ta ni ó ní: a kò gbọdọ̀ lọ ilá lójú rẹ̀, a kò gbọdọ̀ da omi sí àgbàlá, a kò sì gbọdọ̀ ju ìdì igi ìdáná sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn orogún rẹ̀ da gbogbo èèwọ̀ náà. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ó jáde nílé, ó kọ̀ láti padà. Ìlú ni ó ń san gbèsè náà títí di òní nípa ọdún Igógo, nínú èyí tí Ọlọ́wọ̀ àti àwọn ìjòyè ń di irun, tí wọ́n ń múra bí obìnrin, tí a kì í lu ìlù, agogo nìkan ni à ń lù.

Ti Ọya, ìwo ni ó kù. Ìwo ẹfọ̀n méjì ni a máa ń rí lójúbọ rẹ̀, àwọn olùsìn rẹ̀ a sì máa lù wọ́n mọ́ra láti pè é, gẹ́gẹ́ bí ó ti pa á láṣẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé ìwo náà dání nínú ìrántí wọn: ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Iansã, ìwo ẹfọ̀n ṣì jẹ́ ara àmì rẹ̀, àkàrà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Àkàrà kan náà ni àwọn obìnrin ń dín tà ní òpópónà ìlú Salvador, wọ́n ń pè é ní acarajé, wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Santa Bárbara lọ́jọ́ kẹrin oṣù Kejìlá.