Ta Ló Fún Wọn?

Èmi ni mo ń kọ ìròyìn tí a ń lẹ̀ mọ́ pátákó ní ilé-ìwé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ ọ́ pé: "Ní 20 oṣù Karùn-ún, ọdún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Ìjẹ̀bú-Òde." Mo kọ́kọ́ kà á sétí bàbá mi àgbà. Wọ́n ní, "Ta ló fún wọn?"

"Kò sẹ́ni tó fún wọn, Bàbá. Ogun ni wọ́n jà."

"Kí ló dé tí o ò wá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Bàbá tó bí bàbá mi lọ sí ogun yẹn, kò padà wálé."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe "gbà" nínú ìròyìn. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ka ìròyìn lédè Yorùbá, láti 1859 tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Mi ò rò pé akọ̀ròyìn kan lè ṣe láìlo "gbà". Òṣìṣẹ́ gba owó oṣù, ọ̀gá rẹ̀ gba rìbá. Ìjàm̀bá ọkọ̀ gba ẹ̀mí, panápaná gba ẹ̀mí là. Afurasí gbà pé òun jẹ̀bi. Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ológun gbàjọba ní 1966. Ẹni tí wọ́n fún gbà, ẹni tó já a gbà náà gbà.

Bí mo ṣe ń ka ìtàn ogun 1892, "gbà" kan náà ni mo ń bá pàdé. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà láàárín Èkó àti àwọn ìlú òkè. Àwọn oníbodè wa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ń kó ọjà kọjá, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe wù ú. Ní 1891, Denton, adelé gómìnà Èkó, kó ẹ̀bùn wá, ṣùgbọ́n Awùjalẹ̀ Túnwàṣe kò gbà á. Ní oṣù Kìíní 1892, àwọn ìránṣẹ́ Ìjẹ̀bú gbà ní Èkó pé ọ̀nà yóò ṣí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yóò sì máa san £500 lọ́dún dípò owó ibodè. Kò pẹ́ tí Ìjẹ̀bú kọ̀ kí òyìnbó ajíhìnrere kan gba ọ̀nà kọjá. Gómìnà Carter ní wọ́n ti da májẹ̀mú, ó sì rán Ọ̀gágun Scott pẹ̀lú ọmọ ogun wá. Ní 19 oṣù Karùn-ún, àwọn ará wa dúró dè wọ́n ní Ìmàgbọn, létí odò Yemọji. Ìbọn Maxim tó ń yọ ọta léraléra ni ó dojú kọ wọ́n. Lọ́jọ́ kejì, àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Lẹ́yìn ogun, ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀bú gba ẹ̀sìn Kírísítì, wọ́n sì gba ẹ̀kọ́ ìwé. Ní 1913 ni wọ́n dá Ijebu-Ode Grammar School sílẹ̀. "Gbà" yìí yàtọ̀, nítorí ẹsẹ̀ ara wọn ni àwọn ènìyàn fi lọ. Àmọ́ bí a bá to méjèèjì pọ̀ pé "Gẹ̀ẹ́sì gba Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀bú gba ẹ̀sìn", yóò dà bí ìgbà tí ènìyàn méjì pààrọ̀ ọjà.

Mi ò sọ pé kí akọ̀ròyìn pa "gbà" tì. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó sọ ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti gba nǹkan àti ohun tí wọ́n fi gbà á. Mo tún gbólóhùn mi kọ: "Ní 20 oṣù Karùn-ún, ọdún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú ti kú ní Ìmàgbọn."

Mo kà á fún Bàbá. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Ó dáa. Lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó yín."