Oògùn tó ń fi orí balẹ̀, tó tún ń múni tòògbé

Oògùn tí wọ́n máa ń fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ni a fẹ́ sọ lónìí: ibi tó ti wá, àti ohun tó lè dá sílẹ̀ nígbà tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Kí oògùn òyìnbó tó dé, egbò asofẹ́yẹjẹ ni àwọn oníṣègùn wa ń lò. Ó ń mú ara rọ̀, ó ń múni sùn. Àmọ́ okùn àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní December 1950, ilé iṣẹ́ Rhône-Poulenc ní ilẹ̀ Faransé ṣe chlorpromazine. Henri Laborit, dókítà ológun, rí i pé ó ń fi ọkàn àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún balẹ̀. Ní 1952, Jean Delay àti Pierre Deniker fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Sainte-Anne, ní Paris. Ara wọn rọlẹ̀. Òun ni Largactil. Nígbà tí OMS kọ́kọ́ to orúkọ àwọn oògùn tó ṣe kókó jọ ní 1977, ó wà níbẹ̀. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bénin, àti ẹgbẹ́ Saint-Camille fi ń tọ́jú àwọn tí wọ́n tú kúrò nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

Oògùn yìí dára, ṣùgbọ́n ó ń kun èèyàn lóorun. Bí èèyàn bá dìde lójijì, òòyì lè kọ́ ọ, kó ṣubú. Bó bá tún mu àgbo asofẹ́yẹjẹ tàbí sódabì mọ́ ọn, ewu á pọ̀ sí i. Ẹ ronú ìdí iná, ẹ ronú orí zẹ́mì.

Ó dọ́rọ̀ owó gbà-má-bínú. Ní 1992, Bénin àti àwọn orílẹ̀-èdè Afíríkà mìíràn fọwọ́ sí àdéhùn CIMA ní Yaoundé. Òfin rẹ̀ ní kí ilé iṣẹ́ asiransi sọ iye tó fẹ́ san fún ẹni tí ọkọ̀ ṣe léṣe kí oṣù 12 tó pé. Ó tún ní ẹ̀bi awakọ̀ lè dín owó tirẹ̀ kù, tàbí kó má rí nǹkan gbà rárá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lè béèrè: ṣé ó ń tòògbé nígbà tó ń wakọ̀? Oorun tó ń kùn ún báyìí ńkọ́, ṣé orí tó fi gbálẹ̀ ló fà á, àbí oògùn? Ṣé kí jàǹbá tó dé ló ti ń mu ún, àbí lẹ́yìn rẹ̀?

Kàné ló máa dáhùn. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì kọ orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti pé ó ń múni tòògbé. Ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Mímu oògùn kì í ṣe ẹ̀bi. Kéèyàn máa tòògbé kó tún máa wakọ̀ ni ẹ̀bi. Ẹ má sì dá oògùn dúró fúnra yín, torí àìsàn náà lè padà. Bí oorun bá pọ̀ jù, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó fún yín. Ó lè dín in kù tàbí kó ní kí ẹ máa lò ó lálẹ́.