Ọjọ́ Ìparí Àdéhùn: Tẹlifíṣọ̀n àti Bí Kọ́ńfáráǹsì Pac-12 Ṣe Tú Ká

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 1981, Yunifásítì Oklahoma wá bá Yunifásítì Southern California, tí gbogbo ayé mọ̀ sí USC, nílùú Los Angeles, wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sá. Kò sí ẹgbẹ́ yunifásítì méjì tó lókìkí tó wọn lọ́sẹ̀ náà. Eré ti fẹ́ parí kí USC tó rí àmì tó fi borí, 28 sí 24. Ibùdó tẹlifíṣọ̀n ABC tó lé ní 200 ló gbé e sáfẹ́fẹ́. Lópin ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, The Citadel, ilé-ẹ̀kọ́ ológun kan ní South Carolina, pàdé Appalachian State tó wà láàárín àwọn òkè North Carolina. Ibùdó mẹ́rin péré ló fi tiwọn hàn. Nígbà tí owó dé, iye kan náà ni wọ́n san fún ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Mo fi ìtàn yìí ṣáájú nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ogójì ọdún. Ní oṣù keje 2021, Oklahoma àti Texas fi hàn gbangba pé àwọn ń fi kọ́ńfáráǹsì Big 12 sílẹ̀ lọ sí kọ́ńfáráǹsì SEC. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2022, USC àti UCLA, yunifásítì mìíràn ní Los Angeles, ní àwọn ń kúrò ní Pac-12 lọ sí Big Ten, tí ibùjókòó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Àwọn méjì tí wọ́n gba iye kan náà pẹ̀lú The Citadel ní 1981 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ di ẹrù wọn.

Àjọ ni kọ́ńfáráǹsì. Àwọn yunifásítì tí ọ̀nà wọn kò jìn síra gbà láti máa bá ara wọn díje lọ́dọọdún, kí wọ́n sì jọ pín owó tó bá wọlé. Ní 1915 ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà dá àjọ tó padà di Pac-12 sílẹ̀. Ọdún 108 ni wọ́n fi wà pọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ní ojúkòkòrò ló fọ́ ọ. Mi ò sọ pé ojúkòkòrò kò sí níbẹ̀. Àmọ́ ó wà ní gbogbo kọ́ńfáráǹsì, síbẹ̀ ẹyọ kan ló wó. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ẹ̀mí kọ́ńfáráǹsì ti so mọ́ ọjọ́ tí àdéhùn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ yóò parí, àti pé Pac-12 tú ká nítorí pé ìgbà tí ọjà ti tú ni àdéhùn tirẹ̀ parí.

Ẹ̀rù tẹlifíṣọ̀n ló kọ́kọ́ ba àwọn yunifásítì. Ní 1951, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ gíga, rí i pé àwọn èèyàn lè jókòó sílé máa wo eré lọ́fẹ̀ẹ́, kí tíkẹ́ẹ̀tì má tà mọ́. Wọ́n bá dín iye eré tó lè dé orí afẹ́fẹ́ kù. Yunifásítì Pennsylvania, tó ti ń fi eré rẹ̀ hàn láti 1940, kọ́kọ́ kọ̀. NCAA halẹ̀ mọ́ ọn, ó sì juwọ́ sílẹ̀. Ìlànà náà wà fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Nínú èyí tó gbẹ̀yìn, ABC àti CBS yóò san mílíọ̀nù 131.75 dọ́là, ó kéré tán, ẹnì kọ̀ọ̀kan, fún ọdún mẹ́rin, kò sì sí yunifásítì tó gbọ́dọ̀ hàn ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ láàárín ọdún méjì.

Oklahoma àti Georgia gbé NCAA lọ sílé ẹjọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 1984, adájọ́ méje nínú mẹ́sàn-án ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá wọn láre. Adájọ́ John Paul Stevens kọ ọ́ pé NCAA ń mú kí ọjà wọ́n, ó sì ń gbé iye rẹ̀ sókè, bẹ́ẹ̀ òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fọwọ́ di ọjà bẹ́ẹ̀. Byron White, tó jẹ́ agbábọ́ọ̀lù olókìkí ní Yunifásítì Colorado kó tó di adájọ́, kò bá wọn lọ. Lójú tirẹ̀, ètò NCAA ń dáàbò bo ipò ẹ̀kọ́ nínú eré náà, kò sì yẹ kí wọ́n fi òṣùwọ̀n ọjà nìkan wọ̀n ọ́n.

Látọjọ́ náà ni ẹ̀tọ́ títa eré ti kúrò lọ́wọ́ alájọ kan ṣoṣo. Yunifásítì Notre Dame lókìkí tó láti dá tirẹ̀ tà, NBC sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré ilé rẹ̀ ní 1991. Àwọn yòókù ní láti kó ọjà jọ, bẹ́ẹ̀ ni kọ́ńfáráǹsì di àtẹ. Arkansas fi Southwest Conference sílẹ̀ lọ sí SEC. Nígbà tó fi máa di 1996, Southwest Conference ti kú, mẹ́rin nínú àwọn ará Texas tó wà níbẹ̀ sì bọ́ sí Big 12. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn.

Oṣù kẹjọ 2007, nígbà tí Big Ten àti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Fox dá ìkànnì Big Ten Network sílẹ̀, ló yẹ ká dúró sí, nítorí ibẹ̀ ni èèyàn ti lè rí bí owó yìí ṣe ń rìn. Ìdílé kan ní Ohio ń san owó kébù lóṣooṣù. Nǹkan bíi dọ́là kan nínú owó náà ń lọ sí ìkànnì yìí, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù o, wọn ò wò ó o. Ìyá àgbà tó jẹ́ pé fíìmù àtijọ́ nìkan ló ń wò náà ń san án. Ní ìpínlẹ̀ tí Big Ten kò ti ní ọmọ ẹgbẹ́, iye tí wọ́n ń rí lórí ilé kọ̀ọ̀kan kéré sí èyí gan-an. Tí yunifásítì kan bá wá wọlé láti ìpínlẹ̀ tuntun, gbogbo ilé tó ní kébù níbẹ̀ ló bá a wọlé. Ìdí pàtàkì nìyí tí Maryland àti Rutgers fi di ọmọ Big Ten ní 2014. Rutgers kò lórúkọ nínú bọ́ọ̀lù, àmọ́ ẹ̀bá New York ló wà.

Nígbà tó fi di 2021, àwọn ìdílé ti ń pa kébù tì, wọ́n ń wo nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iye ilé kò tó fi ṣírò mọ́. Iye ojú tó ń wo eré ló kù. Orúkọ ńlá wá di ọjà tó wọ́n jù. Ẹni tó bá rántí 200 ibùdó ABC yẹn yóò mọ ìdí tí àwọn oníṣòwò fi lọ kan ilẹ̀kùn Oklahoma àti USC.

Ẹ wá wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé. Ní 2011, Pac-12 bá ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ESPN àti Fox fọwọ́ sí àdéhùn ọdún méjìlá, nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là. Lọ́jọ́ náà, kò sí kọ́ńfáráǹsì tó gbà tó bẹ́ẹ̀. Ọdún 2024 ni yóò parí. Big Ten fọwọ́ sí tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2022: Fox, CBS àti NBC, ọdún méje, owó tó lé ní bílíọ̀nù méje dọ́là. Ti Big 12 ṣì máa dé 2025, àmọ́ Brett Yormark, kọmíṣánnà wọn tuntun, kò dúró dìgbà náà. Ó ṣáájú Pac-12 dé ọjà, ESPN àti Fox sì fún un ní bíi bílíọ̀nù 2.28 dọ́là fún ọdún mẹ́fà ní oṣù kẹwàá 2022 yẹn kan náà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 31.7 fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Nígbà tí George Kliavkoff, kọmíṣánnà Pac-12, fi máa pàtẹ tirẹ̀ tán, àwọn oníbàárà ti ná owó wọn.

Ohun tó rí mú wá sílé ní oṣù kẹjọ 2023 ni ti Apple: bíi mílíọ̀nù 23 dọ́là fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa lé sí i bí èèyàn bá ṣe ń sanwó láti wò ó tó. Colorado ti lọ ní ọjọ́ 27 oṣù keje. Òwúrọ̀ ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ ló yẹ kí àwọn mẹ́sàn-án tó kù fọwọ́ síwèé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Washington àti Oregon ti di ti Big Ten. Arizona, Arizona State àti Utah ti di ti Big 12. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, ACC, kọ́ńfáráǹsì etíkun Atlantic, gba Stanford àti California wọlé. Ó sì dùn mí pé eré dára ní Pac-12 lọ́dún tó gbẹ̀yìn yẹn: Washington kò fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan títí ó fi dé àṣekágbá gbogbo orílẹ̀-èdè, níbi tí Michigan ti nà án 34 sí 13.

Ẹni tó bá ṣì ní ojúkòkòrò nìkan ló fà á, kó wo Florida State. Ìtara tó fi fẹ́ kúrò ní ACC kò kéré sí ti USC rárá. Ó pe kọ́ńfáráǹsì rẹ̀ lẹ́jọ́ ní oṣù kejìlá 2023, Clemson sì tẹ̀lé e ní oṣù kẹta 2024. Síbẹ̀ wọn ò lọ. Àwọn ọmọ ACC ti fọwọ́ sí ìwé tó gbé ẹ̀tọ́ eré wọn lé kọ́ńfáráǹsì lọ́wọ́ títí di 2036. Ẹni tó bá lọ, eré rẹ̀ kò ní bá a lọ. Ní oṣù kẹta 2025 wọ́n parí ìjà náà, wọ́n sì gbà pé iye èèyàn tó ń wo ẹgbẹ́ kan ni yóò máa pinnu púpọ̀ nínú ìpín rẹ̀. Oklahoma àti Texas náà mọ bí ọjọ́ yìí ti wúwo tó: mílíọ̀nù 100 dọ́là ni àwọn méjèèjì gbà kí Big 12 dá dúró kí wọ́n lè lọ ní 2024 dípò 2025. Ọdún kan péré ni wọ́n fi rà. Ìfẹ́ láti lọ wà lọ́dọ̀ gbogbo wọn. Ti Pac-12 nìkan ni kò sí ìwé tó dá ẹnikẹ́ni dúró lẹ́yìn 2024.

Àwọn méjì ni ẹnikẹ́ni kò wá mú: Washington State ní Pullman àti Oregon State ní Corvallis. Láti 2003 ni àsíá Washington State ti ń fẹ́ lẹ́yìn àwọn olóòtú GameDay, ètò tí ESPN máa ń ṣe láàárọ̀ Sátidé, níbikíbi tí ètò náà bá lọ. Àwọn tó ti kàwé jáde níbẹ̀ ló ń fi àsíá náà ránṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, ẹnì kan á sì gbé e dúró lórí ọ̀pá, ì báà jẹ́ pé eré ẹlòmíì ni ètò náà wá ṣe. Ìfẹ́ tó pọ̀ tó báyìí kò ní iye kankan lórí ìwé àdéhùn. Corvallis kò ju nǹkan bíi kìlómítà 65 sí Eugene, níbi tí Oregon wà. Láti 1894 ni Oregon àti Oregon State ti ń bá ara wọn gbá. Ní báyìí, Oregon ń wọ bàálù lọ bá Rutgers ní etíkun kejì.

Wọ́n lè sọ fún mi pé òǹwòran jèrè. Òótọ́ ni, mi ò sì ní jiyàn ẹ̀. Ní 1981, ẹni tó wà nílé kì í rí ju eré díẹ̀ lọ ní Sátidé. Lónìí, láti ọ̀sán títí di ọ̀gànjọ́ òru ni. Stevens gba ọ̀rọ̀ ọjà tọ́. White náà rí ohun tí àwọn méje yẹn kò rí, àmọ́ ètò tó ń gbèjà kò lè gbà á là, nítorí ọwọ́ líle ni wọ́n fi ń mú un ṣẹ. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé lẹ́yìn 1984, kò sẹ́ni tí wọ́n fi ṣọ́ àdúgbò.

Àwọn tó ń jìyà rẹ̀ jù kì í gbá bọ́ọ̀lù rárá. Owó bọ́ọ̀lù ló gbé UCLA lọ sí Big Ten, àmọ́ ọmọbìnrin tó ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù níbẹ̀ náà ní láti fò lọ sí New Jersey, bíi 4,000 kìlómítà, kó gbá eré tí kì í ṣe tìtorí rẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n ṣe sanwó, kó sì padà wá ṣèdánwò. Àwọn ọmọ wa wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Brendon Ayanbadejo gbá bọ́ọ̀lù fún UCLA, Olumuyiwa Fashanu fún Penn State kí New York Jets tó mú un ní 2024, ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá ní Amẹ́ríkà ló sì ń fojú sọ́nà fún ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí eré ìdárayá ń mú wá. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ya bọ́ọ̀lù sọ́tọ̀, kí eré yòókù padà sí àdúgbò. Notre Dame ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 2013: púpọ̀ nínú eré rẹ̀ wà nínú ACC, bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì dá dúró. Ohun tí yunifásítì kan lè ṣe nítorí owó, àwọn yòókù lè ṣe é nítorí ọmọ.

Ẹ̀yin òbí tí wọ́n bá mú ìwé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ wá bá, ẹ béèrè orúkọ kọ́ńfáráǹsì náà, kí ẹ sì béèrè ọdún tí àdéhùn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ yóò parí, kí ọmọ tó fọwọ́ sí i. Ti Big Ten yóò parí ní 2030.