Owó ta ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó?

1/ Gbogbo ìgbà tí àríyànjiyàn nípa ìdàgbàsókè bá ti bẹ̀rẹ̀ níbí, ọmọ Yorùbá kan á yára gbé fọ́tò Ilé Kòkó jáde: "Ẹ wò ó, àwa náà lówó nígbà kan!" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó ta ni? Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀.

2/ Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka oore. January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún yẹn, àwọn ọmọ tó wà níléèwé lé ní 800,000. 1959, tẹlifíṣọ̀n WNTV dé. 1965, Ilé Kòkó parí n'Íbàdàn, àjà 26.

3/ Báwo lowó ṣe wọlé? 1947 ni ìjọba òyìnbó dá Marketing Board kòkó sílẹ̀. Ní 1954, ẹkùn kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Àgbẹ̀ ò lè ta kòkó sókè òkun fúnra rẹ̀. Board ló ń dá iye tí wọ́n máa rà á, Board náà ló ń tà á. Tí wọ́n bá rà á ní pọ́ọ́kú, tí wọ́n tà á lówó gọbọi, ọwọ́ Board ni èrè àárín yẹn ń kù sí.

4/ Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé àwọn ń bá àgbẹ̀ tọ́jú owó ni. Ọdún tí ọjà bá kú lókè òkun, wọ́n á fi gbé iye kòkó ró. Ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, àbí? Àmọ́ lẹ́yìn 1954, owó yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí iléeṣẹ́, báńkì àti ilé ńlá. Ìgbìmọ̀ Coker tó ṣèwádìí ní 1962 tiẹ̀ sọ pé ó dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú náà.

5/ Ọjà wá kú lóòótọ́. 1965, iye kòkó já wálẹ̀ lágbàáyé, iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ náà sì já. Omi tí wọ́n láwọn dà síwájú, ilẹ̀ ti fà á mu. Síbẹ̀, owó orí ò dúró.

6/ Ìgbà tó di 1968, ara àwọn àgbẹ̀ ò gbà á mọ́. Agbẹ́kọ̀yà nìyẹn. Tafa Adéoyè wà lára àwọn tó ṣíwájú. Wọ́n ní kí owó orí wálẹ̀, kí ìjọba tún ọ̀nà oko ṣe. Ẹ tún ìyẹn kà: ọ̀nà oko! Àwọn tó kọ́lé alájà 26 ò rí ọ̀nà gbé kòkó jáde. September 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú èèyàn wọn sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì.

7/ Mi ò ní kí wọ́n má kọ́ iléèwé o. Ẹ̀kọ́ yẹn ló sọ ọ̀pọ̀ nínú wa di ohun tá a jẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé oko ló san owó ìlú, ìlú ò sì san padà fún oko. Ọmọ àgbẹ̀ kàwé tán, ó kọrí sí Èkó. Epo rọ̀bì dé, ìjọba gbàgbé kòkó. Igi ń darúgbó, kò sẹ́ni tó ń gbin tuntun tó.

8/ Láyé ọjọ́un, Ghana nìkan ló ṣáájú wa nídìí kòkó lágbàáyé. Lónìí, Côte d'Ivoire ló wà níwájú, àwa ti wà lẹ́yìn. Èyí tó pọ̀ jù nínú kòkó wa ṣì ń lọ ní hóró, ọjà London àti New York ló sì ń dá iye rẹ̀. Wọ́n parí Marketing Board ní 1986, àmọ́ ìyẹn ò yí padà.

9/ Ní 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá $10,000. Owó tún dé nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Óǹdó, Ọ̀ṣun àti Èkìtì, ẹ bá mi dáhùn: lọ́dọ̀ yín, ṣé wọ́n ti tún ọ̀nà oko ṣe?