Àwòrán gẹ́gẹ́ bí Èdè: Ìtàn Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Lóye Àwòrán nínú Ẹ̀kọ́ Jiọ́lọ́jì

Ìfáárà

Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ la iṣu mọ̀ pé ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá yàtọ̀ sí èèpo tí à ń wò lóde. Bí iṣu náà bá ti ń rà nínú, ojú ìgé ni yóò fi í hàn. Iṣẹ́ onímọ̀ jiọ́lọ́jì, ìyẹn ìmọ̀ nípa àpáta àti bí ilẹ̀ ṣe tò ní ìpele-ìpele, kò jìnnà sí èyí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀bẹ tó lè la òkè ńlá sí méjì. Ojú ilẹ̀, bèbè odò àti kòtò tí a gbẹ́ ni ó ń wò, láti ibẹ̀ ni yóò ti ya ohun tó gbà pé ó wà nísàlẹ̀. Irú àwòrán yìí ni a sì ń gbé ka iwájú akẹ́kọ̀ọ́ bí ẹni pé ẹni tó bá ṣáà ti lójú yóò lóye rẹ̀. Iṣẹ́ yìí yóò fi ìtàn gbé e yẹ̀wò pé èdè ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀, àti pé ẹni tí a kò kọ́ ní èdè kò ṣeé dá lẹ́bi pé kò gbọ́ ọ.

Bí àwòrán ṣe di èdè jiọ́lọ́jì

Nínú àpilẹ̀kọ kan tó jáde ní 1976, Martin Rudwick, òpìtàn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣàlàyé pé láàárín 1760 sí 1840 ni èdè tí a ń fi ojú kà yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ìmọ̀ jiọ́lọ́jì. Kí ó tó di ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ló gba inú ìwé kan; àwòrán kò tó nǹkan. Nígbà tí yóò fi di 1840, máàpù aláwọ̀, àwòrán ojú-ìgé àti àwòrán àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó ti di òkúta ti di ohun tí onímọ̀ kò lè ṣe aláìlò.

William Smith (1769–1839) wà lára àwọn tó tún èdè yìí ṣe. Awọnlẹ̀ ni, ó sì ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ipa omi fún ọkọ̀ èédú ní Somerset, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1815, ó gbé máàpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales jáde, pẹ̀lú apá kan ilẹ̀ Scotland. Ìpele àpáta kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ó mú kí àwọ̀ náà dúdú níbi ìdí ìpele, kí ó sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀, kí òǹkàwé lè mọ èyí tó gorí èkejì. Ẹni tí kò bá mọ òfin yìí yóò rí àwọ̀, ṣùgbọ́n kò ní rí ìpele. Ní 1830, Henry De la Beche náà bẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń fa òkè ga ju bó ti yẹ lọ nínú àwòrán ojú-ìgé. Èyí fi hàn pé láàárín àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n pàápàá, òfin èdè náà kò tíì dúró sójú kan.

Láti inú ìwé sí inú igi

Ìtàn Thomas Sopwith (1803–1879), ọmọ Newcastle, tún la ọ̀rọ̀ yìí yéni. Ìdílé tó ń fi igi ṣe ohun èlò ilé ni ó ti wá, òun fúnra rẹ̀ sì di awọnlẹ̀ ibi ìwakùsà. Ní 1834, ó kọ ìwé lórí ọ̀nà tí a fi ń ya ohun tó rí bíi búlọ́ọ̀kù sórí bébà, tí ojú mẹ́ta rẹ̀ yóò hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀, nígbà tó di 1841, ó gbé àwọn àwòṣe onígi jáde. Igi aláwọ̀ oríṣiríṣi ni a lẹ̀ pọ̀ ní ìpele-ìpele, tí a sì gé láti fi hàn bí àpáta ṣe ń dagun, bí ó ṣe ń ya tí apá kan ń yọ̀ sísàlẹ̀, àti bí àfonífojì ṣe ń la ìpele èédú kọjá. Ẹni tó mọ àwòrán yíyà tó bẹ́ẹ̀ tún rí i pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí yóò gbé lọ́wọ́, tí yóò sì yí wò.

Ta ni àìmọ̀ ń bá jà?

Ní 1960, William Hudson tẹ àbájáde ìwádìí kan tó ṣe ní Gúúsù Áfíríkà jáde. Nínú àwòrán rẹ̀, ọdẹ gbé ọ̀kọ̀ dání, ẹtu wà nítòsí rẹ̀, erin kékeré sì wà lórí òkè lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó bá sọ pé erin ló sún mọ́ ọdẹ jù ni a kà sí ẹni tí kò rí jíjìn nínú àwòrán. Ó rọrùn láti fi èyí pẹ̀gàn ọmọ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ohun tí Hudson kọ sílẹ̀ ni pé àwọn tó ń lọ sí ilé-ìwé, aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú, rí jíjìn nínú àwòrán ju àwọn aláìmọ̀wé lọ, wọn ìbáà jẹ́ funfun tàbí dúdú. Ẹ̀kọ́ ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lílọ sí ilé-ìwé nìkan kò tó. Ní 1996, Yael Kali àti Nir Orion tẹ ìwádìí lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíríámà ní Ísírẹ́lì jáde. Wọ́n fún wọn ní àwòrán tó rí bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n ní kí wọ́n ya bí inú rẹ̀ yóò ti rí bí a bá gé e. Àwọn kan kàn ṣe àdàkọ ohun tó hàn lóde ni. Èèpo iṣu ni wọ́n yà, wọn kò dé inú iṣu. Àìlè fi ọkàn wọ inú àwòrán ni àwọn olùwádìí náà tọ́ka sí. Ní 1997, Orion, Ben-Chaim àti Kali tún fi hàn pé agbára yìí pọ̀ sí i lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní yunifásítì lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ fún ọdún kan. Ohun tó ń dàgbà nípa ẹ̀kọ́ kì í ṣe àmútọ̀runwá.

Ọ̀rọ̀ kan nínú èdè Yorùbá

Láti 1970 ni a ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ Babs Fafunwa, tí a fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé àwòrán ilẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ náà 'òkè' pàdé. Lórí máàpù, òkè bébà ni àríwá. Nínú àwòrán ojú-ìgé, òkè bébà ni ojú ilẹ̀. Nínú àwòrán búlọ́ọ̀kù, ohun tó wà lókè bébà lè jẹ́ ohun tó wà lẹ́yìn. Òkè sì tún ni àpáta tí a ń gùn. Bí olùkọ́ bá ní "ẹ wo ìpele tó wà lókè" láìsọ èyí tó ń tọ́ka sí, akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣìnà láìjẹ́ pé ó ya òpè. Erin inú àwòrán Hudson náà wà lókè bébà. Lọ́hùn-ún ni ayàwòrán ní lọ́kàn.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé àwọn tó dá èdè àwòrán jiọ́lọ́jì sílẹ̀ lo ọ̀pọ̀ ọdún kí òfin rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì fi igi ràn án lọ́wọ́. Kò tọ́ kí a retí pé akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́ ọ ní wákàtí kan. Kí olùkọ́ tó kọ "kò lóye" sórí ìwé ọmọ, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ bóyá òun ti kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń ka àwòrán, àti bóyá ọ̀rọ̀ tí òun fi kọ́ ọ ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni apá kejì ìbéèrè yìí.