Nígbà tí kọ̀ǹpútà kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo

Amẹ́ríkà ni ìtàn tòní ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tó ní ẹ̀ka púpọ̀ yóò dá a mọ̀.

Ní 1964, IBM kéde ẹ̀rọ System/360. Kọ̀ǹpútà ìgbà náà, tí àwa níhìn-ín ń pè ní ordinateur, yàrá tirẹ̀ ló ń gbà, yàrá olótùútù tí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń wọ̀ ọ́. Bí oníṣirò owó bá ń fẹ́ kí ẹ̀rọ bá òun ṣe ìṣirò tuntun, yóò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀, yóò sì dúró títí ó fi kàn án. Ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ àká mú ló ń pín àgbàdo.

Ní 1979, Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé VisiCalc jáde fún ẹ̀rọ Apple II. Bí o bá yí iye kan padà, gbogbo ìṣirò tó so mọ́ ọn á yí padà fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti ń fi pẹ́ńsù kọ, tó ń pa á rẹ́, tó tún ń kọ ọ́, ẹ rò ó wò! Àwọn ọ̀gá ẹ̀ka bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ẹ̀ka wọn ra ẹ̀rọ náà láìbi yàrá ńlá léèrè. Ní 1981, IBM fúnra rẹ̀ gbé PC jáde. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró mọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka ìtajà á ní oníbàárà iléeṣẹ́ jẹ́ iye báyìí, ẹ̀ka owó á ní rárá. Kò sí ẹni tó ń parọ́ nínú wọn: ọ̀kan ń ka gbogbo ẹni tó ti rajà rí, èkejì ń ka àwọn tó ṣì jẹ gbèsè nìkan. Nígbà tí gbogbo ìṣirò wà lójú kan, a ti yanjú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nísinsìnyí, wákàtí ìpàdé ń lọ sórí ta ni iye rẹ̀ tọ̀nà. Ìwé owó odidi ẹ̀ka sì lè wà lórí dísíkì kan nínú tábìlì ẹnì kan. Bó bá bàjẹ́, ó parí. Bí ẹ̀rọ bá kú, àwọn ará yàrá ńlá tí wọn ò bi léèrè nígbà rírà ni wọ́n ń sáré lọ bá. Àánú wọn ṣe wá.

Wáyà Ethernet, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Xerox ní 1973, so àwọn ẹ̀rọ pọ̀. Ṣùgbọ́n wáyà kò lè sọ ẹni tó ń jẹ́ oníbàárà. Lójú tiwa, ẹ̀rọ ni wọ́n pín, wọn ò pín ojúṣe: ta ni yóò máa ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, ta ni yóò máa ti ilẹ̀kùn?

Ní oṣù karùn-ún 2000, lẹ́tà ILOVEYOU gba orí e-mail wọ iléeṣẹ́ káàkiri ayé. Ẹnì kan ṣoṣo tó bá ṣí i lórí tábìlì rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí gbogbo orúkọ tó wà nínú ìwé àdírẹ́sì rẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ kan ní láti pa e-mail wọn pátápátá. Àwọn ará yàrá ńlá náà ni wọ́n tún pè pé kí wọ́n wá gbá ilé mọ́.