Dígí Tí A Fi Bo Ojú Kámẹ́rà

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kámẹ́rà, ẹ dúró gbọ́ díẹ̀. Dígí pẹlẹbẹ tí à ń yí mọ́ ẹnu lẹ́ǹsì, tí wọ́n ń pè ní UV fílítà, kì í ṣe tìtorí eruku ni wọ́n ṣe ṣe é. Fíìmù ayé ijọ́un máa ń rí ìtànṣán oòrùn kan tí ojú ènìyàn kò rí. Bí a bá fi fíìmù aláwọ̀ ya òkè tó jìnnà, kùrukùru bí omi aró ni yóò bò ó. Dígí yìí ló ń dá ìtànṣán náà dúró. Kámẹ́rà òde òní tí kì í lo fíìmù ti ní ìdènà tirẹ̀ nínú. Eruku ọyẹ́ àti ìka ọmọdé ló kù fún dígí láti bá wa gbà.

Èwo wá ni ká rà? Ojú dígí lásán kan a máa dá bí ìdá 4 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Ojú méjì, ó di 8. Ní 1935, Alexander Smakula ti ilé-iṣẹ́ Zeiss ní Jámánì rí ọ̀nà láti fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kun dígí, kí ìmọ́lẹ̀ lè kọjá. Èmi ahun yìí, èyí tí wọn kò kùn ni mo rà! Níbi àìsùn òkú kan, gílóòbù kan ṣoṣo yọ lẹ́ẹ̀mejì nínú fótò: ọ̀kan lókè, ọ̀kan lójú opó. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, iná wo lo tàn sí mi lójú yìí?" N kò rí i tún yà, wọ́n ti sin bàbá.

Èyí tí mo ń lò báyìí, bí mo bá gbé e sábẹ́ iná, àwọ̀ ewé ló ń yọ fírí lójú rẹ̀. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, mo ń tú u sápò.